Ebi, Ọ̀bẹ àti Ààwẹ̀

Ìbéèrè kan ń dà mí láàmú láti ìgbà tí ilé ìwòsàn ti kọ̀wé sí mi pé mo yẹ fún iṣẹ́ abẹ tí wọ́n máa fi dín àpòlúkù mi kù. Kì í ṣe bóyá ó tọ́ kí Mùsùlùmí ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ti ní ìdáhùn, màá sì tètè kọjá lórí rẹ̀. Ohun tí mò ń bi ara mi ni pé, bí dókítà bá fi ọ̀bẹ gé ibi tí ebi ti ń wá kúrò lára mi, kí ni yóò kù nínú ààwẹ̀ tí mo bá gbà lẹ́yìn náà?

Àáfà ni mí. Òkè-Àrẹ ní Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, ìhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ni mò ń gbé báyìí, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní òpin ọ̀sẹ̀. Nínú oṣù Ràmàdáánì, èmi ni mo máa ń ṣe tàfúsíírì fún ìjọ wa. Kí n tó bàlágà ni mo ti ń gba ààwẹ̀, n kì í sì í jẹ ẹ́ láìsí àìsàn tàbí ìrìn-àjò. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìwọ̀n ara mi jẹ́ 43 lórí ìṣirò tí wọ́n ń pè ní BMI. Mo ní ìtọ̀ ṣúgà, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún mi kì í sì í jẹ́ kí n dìde láti ìforíkanlẹ̀ láìdi nǹkan mú.

Nípa ìṣirò yẹn, ó dára kí àwọn ènìyàn wa mọ̀ pé kì í ṣe dókítà ló gbé e kalẹ̀. Adolphe Quetelet, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù tí ó jẹ́ onímọ̀ ìràwọ̀ àti ìṣirò, ló ronú kàn án ní nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún ó lé sẹ́yìn, nígbà tí ó ń wádìí bí ara ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń rí. Kò ronú àìsàn kankan mọ́ ọn. Ọdún 1972 ni Ancel Keys ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní orúkọ tí a fi ń pè é lónìí. Wọ́n á mú iye kílò rẹ, wọ́n á fi gíga rẹ ní mítà pín in, wọ́n á tún fi gíga kan náà pín ohun tó kù. Ìlànà NICE tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé bí èyí tó jáde bá tó 40, tàbí tó 35 tí àìsàn bí ìtọ̀ ṣúgà sì wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n lè rò ó wò bóyá iṣẹ́ abẹ yẹ ọ́. Fún àwa tí ìran wa ti ilẹ̀ Áfíríkà wá, wọ́n yọ 2.5 kúrò nínú iye yẹn, nítorí pé àìsàn máa ń bá wa nígbà tí ìwọ̀n wa kò tíì ga tó ti àwọn òyìnbó. Nọ́ḿbà ni. Ó lè sọ fún dókítà ibi tí ewu wà. Kò lè sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àwọn ènìyàn ṣe ń lò ó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìdájọ́ ẹ̀sìn. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú Súúrà Nísáì nípa yíyí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti ya ohun tí a ṣe nítorí ẹwà lásán sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ṣe láti wo àìsàn. Ìgbìmọ̀ Fíkíhì Ìsìláàmù lágbàáyé jókòó lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ẹwà ní Putrajaya, ní Malaysia, ní 2007. Wọ́n gbà pé a lè fi iṣẹ́ abẹ dín ìwọ̀n ara kù bí ìsanra náà bá ti di àìsàn, tí kò sí ọ̀nà mìíràn, tí ewu rẹ̀ kò sì ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ara tí a gbé wọ̀ mí, ohun ìfipamọ́ ni, wọn yóò sì bi mí bí mo ṣe tọ́jú rẹ̀.

Àwọn tí kò ka Fíkíhì ni ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí lára jù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Ìbàdàn.

"Àbúrò mi, mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ la ikùn rẹ."

"Wọn ò ní là á gbayawu, Àlhájà. Ihò kéékèèké ni wọ́n máa dá sí i, wọ́n á ti ojú ihò kan ki kámẹ́rà bọ̀ ọ́."

"Kí ló dé tí o ò kúkú máa gba ààwẹ̀ Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀?"

"Mò ń gbà á, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ mọ̀ pé mò ń gbà á."

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Mo mọ̀. Èmi náà ni mo máa ń sọ ọ́ fún wọn."

Ta ni "wọn" yẹn? Gbogbo ẹni tó bá rí àáfà tó sanra, tí ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé irọ́ ni ààwẹ̀ rẹ̀. Èrò yìí wà nínú ìjọ wa, ó wà nínú wáàsí, ó sì ń ṣe àwọn ènìyàn léṣe. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá kó ara rẹ̀ níjàánu yóò tẹ́ẹ́rẹ́, ẹni tó bá sì sanra, ọ̀kánjúwà ló ń ṣe é. Dókítà tó ń rí sí ìtọ̀ ṣúgà mi ló kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún mi ní tààrà pé ara máa ń gbèjà ìwọ̀n tí ó bá ti mọ́ ọn lára. Bí o bá rù díẹ̀, ebi á pọ̀ sí i, agbára tí ara ń ná á sì dín kù, títí tí ìwọ̀n àtijọ́ á fi padà. Èmi gan-an máa ń rù nínú Ràmàdáánì. Kí oṣù Ṣáwàlì tó parí, ó ti padà.

Ìmúrasílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ yìí gùn, kò sì sí apá ara mi tí wọn kò yẹ̀ wò. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ láti wo ṣúgà, bóyá ẹ̀jẹ̀ mi tó, fítámì B12 àti fítámì D, èyí tí ó sábà máa ń kéré lára àwa aláwọ̀ dúdú níbi tí oòrùn kò ti tó. Wọ́n so okùn mọ́ mi láyà láti gbọ́ bí ọkàn mi ṣe ń lù. Wọ́n bi mí bóyá irú ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ AS tàbí SS. Wọ́n fi okùn tí kámẹ́rà wà lórí rẹ̀ wo ọ̀nà ọ̀fun mi títí dé àpòlúkù. Gbogbo ìwọ̀nyí kò gba ìrònú púpọ̀. Àyẹ̀wò oorun ló gbà á.

Ẹ̀rọ kékeré kan ni wọ́n fún mi gbé lọ sílé. Mo so bẹ́líìtì rẹ̀ mọ́ àyà, mo ki ìka kan bọ inú ike tí iná pupa ń tàn nínú rẹ̀, mo fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ kọ́ etí, ó wá sinmi sábẹ́ ihò imú mi. Mo sùn báyìí, ìyàwó mi sì ń ṣọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ ọmọ tuntun. Nígbà tí èsì dé, nọ́ọ̀sì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Bí mímí ẹni bá dúró lójú oorun fún ìṣẹ́jú àáyá 10, wọ́n á kà á sí ọ̀kan. Ẹni tí tirẹ̀ bá tó 30 nínú wákàtí kan, ti olúwarẹ̀ ti le. Tèmi kọjá bẹ́ẹ̀. Ọ̀rá tó yí ọ̀fun mi ká ló ń pa ọ̀nà afẹ́fẹ́ dé bí iṣan bá ti dẹ̀, ara á ta gìrì kí ó lè mí, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Dókítà tó ń kun ènìyàn lóorun kò ní fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún irú mi, àfi bí mo bá ti lo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí imú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo lò ó. Ìrun àsùbáà, tí mo ti ń bá jagun láti ọdún púpọ̀, wá di ohun tí mo ń jí sí láìsí wàhálà.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Àwa oníwàásí máa ń sọ pé èṣù ló ń di ènìyàn mọ́ orí ibùsùn ní àsùbáà. Mi ò sọ pé èṣù kò sí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà nínú ìjọ wa, awakọ̀ ni, ẹni tó sanra tó mi, tí ó máa ń sunkún nígbà tó bá ń tọrọ àforíjìn lórí oorun yìí. Mo sọ fún un pé kí ó lọ rí dókítà rẹ̀, kí ó sì béèrè fún àyẹ̀wò oorun, nítorí ẹ̀sìn kò ní kí a tọrọ àforíjìn fún ọ̀fun tó ń pa dé fúnra rẹ̀. Ẹni tí kò lè mí kì í ṣe ọ̀lẹ.

Bí oorun bá rí báyìí, ebi ńkọ́?

Ní 1999, Kojima àti Kangawa, àwọn onímọ̀ ará Japan, rí họ́mọ́ònù kan tí àpòlúkù ń rán sí ọpọlọ. Ghrelin ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń ga kí a tó jẹun, ó máa ń lọ sílẹ̀ lẹ́yìn tí a bá jẹun tán, ọ̀kan ni ó sì jẹ́ nínú ohun tí ń sọ fún ọpọlọ pé ebi ti dé. Apá òkè àpòlúkù ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Apá yẹn gan-an ni dókítà máa gé kúrò nínú irú iṣẹ́ abẹ tí mo fẹ́ ṣe. Wọ́n máa yọ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù, èyí tó bá kù á rí bọrọgidi bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Kì í ṣe pé àyè oúnjẹ nìkan ló dín kù. Ebi fúnra rẹ̀ á dín kù, pàápàá ní ọdún àkọ́kọ́.

Ìmáàmù Al-Ghazali, tí ó kú ní 1111, ya odidi ìwé kan sọ́tọ̀ nínú Ihya, iṣẹ́ ńlá rẹ̀, fún bí a ṣe ń ṣẹ́gun ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ikùn àti ti abẹ́. Lójú rẹ̀, ikùn ni orísun gbogbo ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ebi sì ni irinṣẹ́ tí a fi ń tọ́ ọkàn. Mo nífẹ̀ẹ́ ìwé yẹn, mo sì ti kọ́ àwọn ènìyàn nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ebi ni irinṣẹ́, tí dókítà wá mú irinṣẹ́ náà lọ, kí ni mo máa fi ṣiṣẹ́?

Oúnjẹ tí wọ́n ní kí n máa jẹ kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé ni ó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìdáhùn. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, mílíìkì tí kò lọ́ràá àti yógọ́ọ̀tì ni, omi, àti nǹkan díẹ̀ tó jẹ mọ́ wọn, gbogbo rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju kálórì 800 sí 1000 lọ lóòjọ́. Ẹ̀dọ̀ ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣe é. Apá òsì ẹ̀dọ̀ ló bo àpòlúkù, bí ọ̀rá bá sì ti kún inú rẹ̀, ó máa ń tóbi, ó máa ń wúwo, kì í jẹ́ kí dókítà rí ibi tí ó fẹ́ gé. Bí ènìyàn bá jẹ oúnjẹ díẹ̀ báyìí, ẹ̀dọ̀ á fún, á sì ṣeé gbé sókè. Bí o bá jẹ àmàlà nínú ọ̀sẹ̀ méjì náà, ara rẹ lo ń fi wewu.

Ebi pa mí. Ebi náà le ju ti ààwẹ̀ lọ, nítorí kò ní ìṣínu, oòrùn ń wọ̀ kò sì sí ohun tó yí padà. Ìyàwó mi ń se ewédú ní kíṣíìnì, ó ń fi ìjábẹ̀ já a, mo sì ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti yàrá níbi tí mo ti ń mu mílíìkì nínú kọ́ọ̀bù. Kò sí ìjọsìn kankan nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ebi lásán ni. Ẹnikẹ́ni lè fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ wọ ẹ̀wù kan tàbí nítorí pé owó kò sí, Ọlọ́hun kò sì ní kọ ọ́ sílẹ̀ fún un pé ó gba ààwẹ̀. Àníyàn ló ń sọ àìjẹun di ààwẹ̀, àníyàn náà kò sì sí nínú àpòlúkù. Kò sí ọ̀bẹ tó lè kàn án.

Ó yẹ kí n ti mú àpẹẹrẹ àwọn àgbàlagbà wá ṣáájú èyí. Gbogbo wa ló mọ ìyá àgbà kan tí ọ̀fun rẹ̀ ti kọ oúnjẹ, tí wọ́n ń bẹ̀ kí ó jẹ ẹ̀kọ díẹ̀, tí ó sì tún ń gba Ràmàdáánì. Ebi kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ta ni ó gbójú láti sọ pé ààwẹ̀ rẹ̀ kéré sí ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ikùn rẹ̀ ń kùn láti agogo mẹ́wàá? Ọlọ́hun tó dá ghrelin sára wa kò pín in ní dọ́gbadọ́gba. Àwọn kan jí, wọn kò rántí oúnjẹ títí di ọ̀sán, wọ́n sì tẹ́ẹ́rẹ́ láìsapá. Tí wọ́n bá wá jókòó lórí ẹní, tí wọ́n ń fi ara àwọn ẹlòmíràn ṣe wáàsí ìkóra-ẹni-níjàánu, wọ́n ń yin ara wọn fún ohun tí a kàn fún wọn ni. Mo máa ń sọ èyí nínú tàfúsíírì báyìí láìfi igbá kan bọ̀kan nínú.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ sọ pé kò sí ohun tí màá pàdánù. Ànábì ti sọ fún wa pé aláàwẹ̀ ní ìdùnnú nígbà tó bá ń ṣínu. Mo mọ ìdùnnú yẹn dáadáa. Dàbínù kan, omi tútù, ara á sì rọ̀ wọ̀ọ̀. Onímọ̀ oúnjẹ sọ fún mi pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mi ò ní lè gbé omi mu gbàgà mọ́. Mímu díẹ̀díẹ̀ ni láti àárọ̀ títí di alẹ́ kí ó lè tó lítà kan àbọ̀ sí méjì, mi ò sì gbọ́dọ̀ mu omi pọ̀ mọ́ oúnjẹ, àfi kí n dúró fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí n má gba ààwẹ̀ kankan ní ọdún àkọ́kọ́, ó kéré tán, kí omi má bàa gbẹ lára mi. Bí wọ́n bá wá gbà mí láyè, òǹgbẹ ni yóò di ìṣòro ààwẹ̀ mi, kò ní jẹ́ ebi mọ́. Ìdùnnú ìṣínu tí mo ti mọ̀ láti kékeré lè má padà wá bí ó ṣe rí. Ó dùn mí. Mo ti sunkún lórí rẹ̀, mi ò sì rí ìdí tí mo fi ní láti fi pamọ́.

Onímọ̀ ọkàn tí wọ́n ní kí n lọ rí, obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni. Ó bi mí pé oúnjẹ wo ni mo máa ń jẹ nígbà tí ebi kò pa mí. Mo sọ fún un pé ìbéèrè yẹn kò tíì mọ ohun tí iṣẹ́ àáfà jẹ́. Ìsọmọlórúkọ ni o, fídáù ni o, nìkáà ni, wọlimọ́tù ni, kò sí èyí tí wọn kì í ti í gbé oúnjẹ síwájú àáfà. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, ilé bíi mélòó kan lè gbé ìyán, ìrẹsì àti ẹran tó bo ojú àwo kalẹ̀ fún mi. Bí n kò bá jẹ ẹ́, onílé á ní mo kọ oúnjẹ òun. Bí ó bá jẹ́ fídáù, á rò pé àdúà tí mo ṣe fún òkú rẹ̀ kò dénú mi. Onímọ̀ ọkàn náà kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá bi mí pé, "Kí ni ẹ máa ṣe nígbà tí ẹ kò bá lè jẹ ju ṣíbí mẹ́ta lọ?"

Ìbéèrè yẹn ló gbé mi padà sọ́dọ̀ Al-Ghazali, ọ̀nà mìíràn ni mo sì gbà padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, iṣẹ́ ọkàn yóò kúrò nínú àìjẹun, yóò bọ́ sínú jíjẹ. Ẹyin tàbí ẹja ni màá kọ́kọ́ jẹ, èyí tó kéré ni màá bù, màá sì jẹ ẹ́ lẹ́nu pẹ́ kí n tó gbé e mì. Mo ní láti dá ọwọ́ dúró nígbà tí ẹnu ṣì ń fẹ́. Fítámì yóò di lílò títí ọjọ́ ikú. Ebi náà lè tún padà díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, nítorí ara a máa wá ọ̀nà. Ìmọ̀ràn Ànábì nípa pípín ikùn fún oúnjẹ, fún omi àti fún èémí, tí a máa ń kà wéréwéré lórí mímúbà, yóò di ohun tí mo ní láti máa ṣe ní gbogbo ìgbà tí mo bá jókòó ti àwo. Mo rò pé Ìmáàmù náà yóò mọ iṣẹ́ yìí bí ó bá rí i. Ọ̀bẹ yóò dín ariwo ikùn kù fún mi, kò sì ní bá mi ṣe ìyókù.

Ní ti àwọn onílé, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún wọn ṣáájú kí n tó dé. Mo máa ń pe onílé lórí fóònù pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ara mi kò gba oúnjẹ púpọ̀ mọ́, ẹ bù díẹ̀ fún mi, ẹ fi ìyókù ṣe sàráà fún aládùúgbò yín." Àwọn mìíràn kò fẹ́. Ọ̀pọ̀ ti ń gbà. Ìyá kan tilẹ̀ ní òun máa ń rò pé àwọn àáfà fẹ́ràn kí wọ́n gbé oúnjẹ rẹpẹtẹ síwájú àwọn ni.

Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi: ẹni tó ń fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́, ẹni tó ń kunni lóorun, onímọ̀ oúnjẹ, onímọ̀ ọkàn. Wọ́n ní mo ti ṣe tán. Bí Ọlọ́hun bá fẹ́, nígbà tí Ràmàdáánì tó ń bọ̀ bá yọ, ó máa bá mi nínú àwọn oṣù tí wọ́n ní kí n má gba ààwẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n máa mu omi mi ní kọ̀rọ̀, kí àwọn ọmọ kéú má bàa rí àáfà wọn tó ń mu omi lọ́sàn-án Ràmàdáánì. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Orí tábìlì ni ìgò omi mi máa wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àlùkùránì, ọmọ tó bá sì bi mí léèrè, màá sọ fún un pé aláìsàn ni mí, pé mo jẹ ààwẹ̀ ní gbèsè, pé màá san án ní ọjọ́ mìíràn. Inú kíláàsì yẹn kò ṣàì ní ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọ̀rọ̀bọ̀, mo sì fẹ́ kí òun náà wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá ń sọ ọ́.